Ṣokoléètì Tí Kò Gbọdọ̀ Ní Ènì

Òórùn ọtí kíkan ló kọ́kọ́ máa ń jáde lára hóró kòkó bí iná bá kàn án. A máa ta èèyàn nímú, a sì máa mú kí ojú ṣomi. Lẹ́yìn ìyẹn ni òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò á tẹ̀ lé e, àti lẹ́yìn búrẹ́dì, bí ẹni tó ń yan án bá mọ ohun tó ń ṣe, òórùn kan tí n kò tíì rí orúkọ fún títí dòní yóò gba gbogbo ilé. Mo rántí ìgbà tí òórùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí máa ń gba ojú fèrèsé yàrá kan jáde ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, tí àwọn tó ń kọjá lọ á dúró, tí wọ́n á na ọrùn, tí wọ́n á béèrè pé kí ni mò ń jó. Mo máa ń jáde sí wọn, èmi obìnrin, nínú ẹ̀wù funfun gbọọrọ bíi ti dókítà, èyí tí mo rà ní òkìríkà, kí n lè ṣàlàyé fún wọn. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè kejì rí. Nígbà náà, mo rò pé ọgbọ́n mi ló ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá Kirikiri ni mo ti mọ kòkó. Iṣẹ́ mi ni láti fi irin ṣóńṣó gún àpò ìdọ̀họ, kí n fa hóró díẹ̀ jáde, kí n fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì, kí n sì wo inú wọn kí wọ́n tó kó ẹrù náà sínú bájì, ọkọ̀ omi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kó ẹrù. Hóró tí àgbẹ̀ fi sùúrù bò mọ́lẹ̀ nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó tó sá a, inú rẹ̀ a máa pọ́n bí amọ̀, a sì máa ní ìlà wínníwínní bí ọpọlọ ẹran. Èyí tí wọ́n fi ìkánjú sá máa ń le gbagidi, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú bíi ti síléètì ilé ẹ̀kọ́. Èyí tó ti bu, imú á ti mọ̀ kí ojú tó rí i. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ á la hóró tiwọn, wọ́n á fi àmì sí i, wọ́n á lọ jókòó síbi tí òjìji wà. Èmi ń jẹ tèmi. Mo ń jẹ ẹ́, mo sì ń wo fídíò lórí fóònù: àwọn ará òkè òkun tí wọn kò rí igi kòkó rí láyé wọn, tí wọ́n wá ń kọ́ gbogbo ayé bí wọ́n ṣe ń ṣe ṣokoléètì. Ó bí mi nínú, mo sì wo gbogbo rẹ̀ tán.

Ìgbà tí mo mọ ohun tó yẹ kó wà nínú ṣokoléètì ni mo wá mọ ohun tí wọ́n ń tà fún wa. Àbẹ́là tí wọ́n fi ṣúgà pa lára dà ni. Wọ́n á yọ ọ̀rá kòkó, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń ṣe ìpara, wọ́n á wá fi ọ̀rá àdín rọ́pò rẹ̀, àdín tí ìyá àgbà fi ń pa ọmọ tí gìrì mú lára. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í yọ́ lẹ́nu. Á kàn máa rìn kiri lórí ahọ́n bí àlejò tí kò mọ ilé tó ń lọ. Bí mo bá rí àgbàlagbà tó ń jẹ ẹ́ ní wáfù, tó di ojú, tó ń lá ètè, mo máa ń wò ó bí a ti ń wo ẹni tó wọ bàtà òdì jáde. Mo sì máa ń sọ fún un. N kò ní ọ̀rẹ́ púpọ̀ nígbà náà.

Nígbà tó yá, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo gba yàrá ìsàlẹ̀ nínú ilé kan ní Boundary, mo sì ra ẹ̀rọ kékeré kan tí òkúta méjì ń yí nínú rẹ̀. Bí òkúta náà bá lọ kòkó dé ibi tó yẹ, tí a bá fi sáàárín eyín, eyín kò gbọdọ̀ rí ohunkóhun gé. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó le jù á wá bẹ̀rẹ̀. A ó yọ́ ọ títí yóò fi gbóná ju ara èèyàn lọ, a ó dà á sórí òkúta dídán, a ó máa fi irin pẹlẹbẹ kó o jọ, a ó tún máa tẹ́ ẹ, títí yóò fi tutù dé méjìdínlọ́gbọ̀n lórí òṣùwọ̀n ooru. A ó tún mú un gòkè díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá méjìlélọ́gbọ̀n. Nílùú tí afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ ti kọjá ìyẹn lọ́sàn-án, ìjà ni. Bí a bá ṣe é re, á dán, á sì dún pá bí a bá ṣẹ́ ẹ. Bí a bá ṣì í ṣe, ara rẹ̀ á funfun bíi ti ọmọ tí kò fi ìpara pa ara nígbà ọyẹ́. Ẹ̀bùn ni mo ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ fún èèyàn ní nǹkan á mú orúkọ onítọ̀hún wá, èmi á fi ọ̀rá kòkó funfun kọ ọ́ sórí ṣokoléètì ní lẹ́tà gbàǹgbà.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ mi ni obìnrin agẹ́ńtì kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wáfù. Apapa ló ń gbé. Ó ra èyí tí mo kọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀ sí, mo sì ní kó ra ti ọmọ rẹ̀ náà. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kan ti sú láti máa sọ. Ó ní ọmọ òun kò jẹ ṣokoléètì rí. Ara ọmọ náà kọ ẹ̀pà. Bí ẹ̀pà bá kan ètè rẹ̀, ètè á wú, ọ̀nà ọ̀fun á bẹ̀rẹ̀ sí í dí, èémí rẹ̀ á máa dún bí fèrè. Wọ́n ti sáré gbé e lọ sí ọsibítù bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wàrà màlúù náà ń mú kí ara rẹ̀ sú. Inú báàgì ìyá ni abẹ́rẹ́ tí dókítà kọ́ ọ láti máa gún máa ń wà, bó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bó ń lọ sọ́jà. Nílé ìwé, bí ọmọ kan bá ń ṣe ọjọ́ ìbí, tí wọ́n bá fẹ́ pín ṣokoléètì, tíṣà á mú ọmọ yìí lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú bisikíìtì tó gbé wá láti ilé. Kì í sunkún. Ohun tó ń dun ìyá rẹ̀ jù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí tirẹ̀ ń bọ̀, ó sì ti sọ ohun kan ṣoṣo tó fẹ́: ṣokoléètì tí orúkọ òun wà lára rẹ̀, gbogbo orúkọ náà pátá, kì í ṣe ìgékúrú tí wọ́n ń pè é nílé ìwé.

Mo ní màá ṣe é. Mo sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ pé kó wá tún ayé dá.

Kí n má parọ́, iṣẹ́ yẹn ju bí mo ṣe rò ó lọ. Ẹ̀pà wà níbi gbogbo tí èèyàn kò fojú sí. Ẹ̀rọ ìlọta ọjà tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀pà ni wọ́n fi ń lọ ṣúgà bó bá yá. Àpò ìdọ̀họ tí wọ́n fi kó ẹ̀pà wá láti Òkè Ọya, ẹlòmíràn á gbọ̀n ọ́n nù, á fi kó kòkó. Mo wá kòkó tí mo mọ àpò tó ti wá, mo ra ike tuntun tí màá da ṣokoléètì sí kó lè le, mo ra aṣọ ìnulẹ̀ tuntun, mo yan àgbọn gbígbẹ, mo lọ̀ ọ́ mọ́ kòkó dípò wàrà. Mo wá pàṣẹ pé ẹlẹ́pà kankan kò gbọdọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

Ẹlẹ́pà inú ilé wa rẹ́rìn-ín títí ìgò ẹ̀pà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ wá wo nǹkan," ó ń pe àwọn èèyàn. "Ẹ̀pà tí ìyá mi fi tọ́ mi dàgbà ni ọmọ olówó kan ń sá fún." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe níwájú ilé náà fi tirẹ̀ kún un: "Abeg, na groundnut, no be rat poison." Ní gbogbo ilé yẹn, àìsàn olówó ni wọ́n ń pè é. Mo sì mọ gbogbo wọn. Obìnrin kan wà láàárín wọn tí ìjọ rẹ̀ kò gbà á láàyè láti jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Kì í jẹ́ kí ṣíbí ẹni tó ń jẹ ẹ́ kan ṣíbí tirẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí ìdílé rẹ̀ kì í jẹ òkété. Ó dìde nídìí oúnjẹ lójú mi lọ́jọ́ kan nítorí wọ́n ní ìkòkò tí wọ́n fi se òkété lánàá ni wọ́n fi se adìyẹ lónìí. Àwọn méjèèjì yìí ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Èèwọ̀ tí wòlíì bá sọ tàbí tí baba ńlá bá fi lélẹ̀, wọn kò bi í léèrè ìdí. Èyí tí ọ̀fun ọmọ kékeré ń sọ, tí gbogbo ayé ń gbọ́ bó ṣe ń dún, ìyẹn ni wọ́n ní irọ́ ni.

Baba onílé nìkan ló yàtọ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí bájì títí ẹ̀yìn wọn fi tẹ̀, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n gbọ́ àlàyé mi, ìdajì rẹ̀, kí n tó dé ibi òṣùwọ̀n ooru. Wọ́n ní, "Ohun tí a kì í jẹ, a kì í fi í run imú. Ó parí." Láti ọjọ́ náà, ẹlẹ́pà gba ẹ̀yìn ilé.

Ìṣòro mi tó kù ni ibi tí ṣokoléètì náà máa wà. Bí mo bá ṣe é tán, yàrá mi á gbóná lọ́sàn-án, iná á lọ, orúkọ tí mo kọ á sì wọ́. Ibẹ̀ ni Màdáámù ti wọlé. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bùn ní Apapa, kò jìnnà sí ilé obìnrin agẹ́ńtì náà: ife tí wọ́n tẹ fọ́tò ìyàwó sí, bàlúùnù, béárì onírun tí ojú rẹ̀ ń wo ibì kan tí ẹlòmíràn kò rí. Ó ní ẹ̀rọ amúlétutù tó ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó gbà kí n máa kó ọjà mi síbẹ̀ kó máa bá mi tà á, nítorí àwọn oníbàárà Apapa kò ní í wọ Boundary nítorí ohun dídùn. Ó ń pè mí ní Dókítà nítorí ẹ̀wù mi. Mo rò pé ó ń yìn mí.

Ohun kan wà tí Màdáámù gbà gbọ́ ju bó ṣe gba Ọlọ́run gbọ́ lọ, ènì ni. Ó máa ń sọ pé ènì ló kọ́ ilé òun. Abọ́ ńlá kan wà lórí káńtà rẹ̀ tó kún fún ẹ̀pà tí wọ́n fi ṣúgà pupa àti ṣúgà funfun bò, kò sì sẹ́ni tó ra nǹkan tí kò ní í bu díẹ̀ fún. Ẹni tó ra ife, ó gba ènì. Ẹni tó wá béèrè ọ̀nà, bóyá ó gba ènì. Mo dúró níwájú abọ́ yẹn, mo ṣàlàyé gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀pà fún un, láti orí ètè dé orí èémí. Mo ní páálí ọmọ yìí, mo ti fi bébà lẹ ẹnu páálí náà, kò gbọdọ̀ ṣí i. Ó ní òun ti gbọ́. Ó gbé abọ́ náà kúrò lórí káńtà, ó gbé e sísàlẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ṣé inú ẹ ti dùn?" Inú mi dùn.

Nínú páálí náà, mo ti kọ orúkọ ọmọ náà bí ó ṣe fẹ́ ẹ. Orúkọ gígùn ni, irú èyí tí bàbá àgbà máa ń sọ ọmọ lẹ́yìn tó ti rò ó títí. N kò ní kọ ọ́ síbí nítorí òun ló ni ín. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró lórí ṣokoléètì kékeré tirẹ̀. Mo tò wọ́n sínú páálí pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn kí wọ́n má baà ha ara wọn. Mo fẹ́ràn àlàfo yẹn gan-an. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń fara balẹ̀ pe orúkọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìbí náà, mo kó ọjà mìíràn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Awakọ̀ obìnrin agẹ́ńtì ti wá gba páálí náà lọ. Màdáámù ti ń retí mi, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ẹni tó ṣe oore níkọ̀kọ̀.

"Dókítà, bí oògùn lo ṣe dì í," ó ní. "Páálí ṣófo báyẹn, fún ọmọdé? Ṣùgbọ́n mo ti bá ẹ tún un ṣe."

Mo bi í pé kí ló fi tún un ṣe.

"Mo bu ènì sí i ni. Mo tò ó yí orúkọ ẹ̀ ká, pupa níbí, funfun lọ́hùn-ún. Mo wá fi ríbọ́ọ̀nù gidi dì í."

"Màdáámù, ẹ̀pà yẹn?"

"Èyí tí wọ́n fi ṣúgà bò mà ni," ó ní. "Kì í ṣe ẹ̀pà gidi."

Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ láyé mi, àti èyí tí mo sọ fúnra mi, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ èyí tó tó ìyẹn. Mo pe fóònù ìyá ọmọ náà, kò gbé e. Mo tún un pè. Mo wá sáré. Àwọn tírélà tó ń lọ sí wáfù ti tò gba gbogbo ọ̀nà, èmi ń gba àárín wọn kọjá, àwọn awakọ̀ àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ń yà fún mi nítorí ẹ̀wù funfun náà. Wọ́n rò pé ẹnì kan ń kú níbì kan. Kò dá mi lójú pé wọ́n ṣì í rò.

Orin ń dún nínú ọgbà ilé náà nígbà tí mo dé, ìdí tí ìyá kò fi gbọ́ fóònù nìyẹn. Àwọn ọmọ pọ̀. Mo wá èyí tó jẹ́ ọlọ́jọ́ ìbí láàárín wọn, n kò rí i. Páálí mi ni mo kọ́kọ́ rí. Ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá géètì, ìdérí ti wà lórí rẹ̀ padà, ríbọ́ọ̀nù Màdáámù sì tú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọmọ náà níbi ẹ̀rọ omi. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í, ó ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó ń wo ètè rẹ̀, ó tún ń wo ọrùn rẹ̀. Báàgì rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí lórí ilẹ̀. Ọmọ náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kúrò lára aṣọ rẹ̀. Kò fọwọ́ kan ẹnu. Ó ti ṣí páálí náà láàárín gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ti rí orúkọ rẹ̀, ó ti gbóòórùn, ó ti dé e padà, ó ti gbé e lọ síbi tó jìnnà sí ibi tí wọ́n ń jẹun, ó sì ti lọ pe ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni.

Ìyá rẹ̀ wò mí, ó tún da omi sí ọwọ́ ọmọ náà. Ọmọ náà ló sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ẹ ní kò ní sí ẹ̀pà níbẹ̀."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun tó ti máa ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí n tó lanu, ìyá àgbà ọmọ náà, ìyá bàbá rẹ̀, ti dìde lórí àga wọn. Wọ́n ní kí ni gbogbo èyí, níwájú àlejò. Wọ́n ní ṣebí ẹ̀pà lásán ni, kí wọ́n ṣà á kúrò, kí wọ́n gbọn ṣokoléètì náà nù, kí ọmọ jẹ ẹ̀bùn rẹ̀. Àwọn àgbà méjì mìíràn ń mi orí pé òdodo ni. Mo kúnlẹ̀ nínú ohùn mi, mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, kò ṣeé ṣà." Ẹnu mi ń sọ "ẹ," ó ń sọ "Màmá," ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú mi lọ́jọ́ náà, bí a bá fi sórí òṣùwọ̀n ooru, ó máa fọ́ ọ. Èèyàn tó ti tọ́ ọmọ, tó ti gbọ́ bí èémí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣe dún nínú mọ́tò tí wọ́n fi ń sáré lọ sí ọsibítù, ló ń sọ pé kí wọ́n gbọ̀n ọ́n nù bí ẹni gbọn iyanrìn lára ẹ̀wù. Mo gbé páálí náà, mo kí wọn, mo jáde.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Màdáámù bi mí bóyá ó jẹ ẹ́. Mo ní kò jẹ ẹ́.

"Ṣé o rí i?" ó ní. "Ọlọ́run ò sùn. Kí lo wá ń mí hẹlẹhẹlẹ sí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọjà mi kúrò lórí pẹpẹ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣeré. Nígbà tó rí i pé mi ò ṣeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oore tó ti ṣe fún mi, ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí òun fún láyè nínú atẹ́gùn tútù òun, tí kò mọ̀ pé ẹni tó bá ń ta nǹkan láìfi ènì sí i, ahun ni, àti pé oníbàárà kì í padà sọ́dọ̀ ahun. Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, Màdáámù. Ọlọ́run á san yín lẹ́san." Èmi àti ẹ̀yin tí ẹ ń kà á jọ mọ irú ẹ̀san tí mo ní lọ́kàn. Kò pẹ́ sígbà náà ni mo gbọ́ pé ó ti ń ta ṣokoléètì mìíràn, àbẹ́là ọlọ́ràá àdín, ó sì ti lẹ bébà mọ́ ọn pé kò sí ẹ̀pà níbẹ̀. Abọ́ rẹ̀ ti padà sórí káńtà. Wọ́n ní ọjà ń lọ dáadáa.

Láìsí ṣọ́ọ̀bù, n kò ní ibi tútù, n kò sì ní oníbàárà Apapa kankan mọ́. Ìyẹn kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Gbólóhùn ọmọ yẹn ni. Mo ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé kó mú un wá sí Boundary, kó wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó jẹ ẹ́ níbẹ̀, láìsí páálí, láìsí ríbọ́ọ̀nù, láìsí ọwọ́ ẹlòmíràn. N kò rò pé wọ́n máa wá. Èmi fúnra mi, bí mo bá jẹ́ wọn, n kò ní í wá.

Wọ́n wá ní àárọ̀ Sátidé kan, kí oòrùn tó le. Baba onílé gbé àga wọn sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, ọ̀dọ́mọkùnrin onífóònù pàápàá kò gbójúgbóyà kọjá. Mo ti múra àlàyé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò fún mi láyè. Òun ló ń bi mí. Ó fi imú lé ẹ̀rọ náà, ó bi mí pé kí ni wọ́n ti lọ̀ nínú rẹ̀ rí. Mo ní kòkó àti àgbọn àti ṣúgà. Ó gbóòórùn ike. Ó ní kí n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní kí n tún un fọ̀, mo sì tún un fọ̀.

"Ta ló máa dì í?" ó bi mí.

"Kò ní dídì. Bó bá ti le nínú ike tán, ìwọ lo máa yọ ọ́."

Ó rò ó wò. Ó gbà.

Nígbà tó yọ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀, ó dún pá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ti ọwọ́ bọ inú báàgì, kò sì yọ ọ́ jáde. Ọmọ náà fi eyín gé ìgun kékeré kan. Ó pa ẹnu dé. A dúró, èmi, ìyá rẹ̀ àti Baba onílé lẹ́nu ọ̀nà, a ń wo ètè kékeré kan bí àwọn apẹja ti ń wo ojú omi. Mo gbọ́ bí ìyá náà ṣe ń mí. Ètè kò wú. Ara kò sú. Ìyá rẹ̀ ní kó sọ̀rọ̀ kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ọmọ náà wo ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. "Àǹtí," ó ní, "ṣé èyí náà ni?"

Mo ní èyí náà ni.

"Nítorí èyí ni gbogbo kíláàsì wa ṣe ń pariwo?"

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lójú ẹsẹ̀, ó yí ojú sí ògiri. Ọmọ náà kò wò ó. Ó ń ṣàyẹ̀wò ṣokoléètì mi, èyí tí mo fi gbogbo ọgbọ́n mi ṣe, tí kò ní àbàwọ́n kankan lára, pẹ̀lú irú ojú tí mo ti fi ń wo ti àwọn ẹlòmíràn láti ọdún wọ̀nyí wá. Ó ní ó korò. Ó ní ó jọ nǹkan tó jó díẹ̀. Ó wá ṣẹ́ lẹ́tà kejì, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún ti gorí ọdún báyìí. Yàrá náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti gba ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn òbí tí ara ọmọ wọn kọ nǹkan máa ń wọ Boundary wá fúnra wọn, wọ́n máa ń mú ọmọ wọn wá kó wá fi imú lé ohun gbogbo. N kì í fi ènì sí i, àwọn kan ń pè mí ní ahun, mo sì ń jẹ́ orúkọ náà. Bí mo bá jókòó nírọ̀lẹ́, mo máa ń rò ó pé mo ti fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀pọ̀ èèyàn nídìí ohun dídùn yìí, mo ń yọ ṣùtì sí ohun tí wọ́n ń jẹ, sí ohun tí wọn kò mọ̀, sí ẹ̀rín wọn. N kò tíì rí ìdí láti jáwọ́ lórí púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n èèyàn kan ti yọ ṣùtì sí tèmi náà, mo sì mọ iye tó ná wa kí ó tó lè ṣe é. Ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kò lè sọ pé nǹkan náà kò dùn.

Ọmọ náà ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ báyìí. Ó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá láti ra èyí tó máa fi ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ. Ó ṣì ń ní kí n tún ọwọ́ fọ̀. Bó ṣe fẹ́ máa lọ, mo na ẹyọ kan sí i, mo ní kó mú un dání.

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ tì í padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Rárá, Àǹtí, ẹ ṣeun," ó ní. "Mo mọ bó ṣe rí."